ÌBÚRA ẸLẸ́RÌÍ NÍ ILÉ-ẸJỌ́: ÌGBÀGBỌ́, ÒFIN ÀTI ÒTÍTỌ́ LÁWÙJỌ YORÙBÁ

Ìfáàrà

Kí ẹlẹ́rìí tó la ẹnu sọ̀rọ̀ ní ilé-ẹjọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, akọ̀wé kóòtù yóò bi í léèrè ẹ̀sìn tí ó ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ Kirisitẹni, Bíbélì ni yóò mú lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, Kùránì ni. Bí ó bá sì jẹ́ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, irin tí ó dúró fún Ògún ni yóò fi búra. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ń sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: pé ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ jẹ́ yóò jẹ́ òtítọ́, pé yóò jẹ́ gbogbo òtítọ́, àti pé kò ní sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ àfi òtítọ́.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé irọ́ kò tán ní kóòtù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ nípa èyí ni pé ìwé mímọ́ kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́, àti pé bí a bá lè gbé irin Ògún fún gbogbo ẹlẹ́rìí, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe, kíá ni òtítọ́ yóò máa jáde. Iṣẹ́ yìí yẹ èrò náà wò. Ó ṣàlàyé ohun tí ìbúra jẹ́ nínú èdè àti àṣà Yorùbá, bí ìbúra ilé-ẹjọ́ ṣe di ohun tí ó dà lónìí, àti ohun tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ nípa rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Lórí ààrò mẹ́ta náà ni ìbúra ẹlẹ́rìí gúnlẹ̀ sí: ìgbàgbọ́ ẹni tí ó ń búra, ìjìyà tí òfin ìjọba gbé kalẹ̀, àti òye ohun tí òtítọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí. Àwọn ènìyàn a máa jiyàn lórí ààrò kìíní, àwọn amòfin a máa sọ̀rọ̀ lórí ìkejì. Ìkẹta ni a kì í sábà kà sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá.

Ìbúra nínú Èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, búra, ṣe é fọ́ sí ọ̀nà méjì: bú àti ara. Ìtumọ̀ tí ó jáde láti inú rẹ̀ bá ìṣe ìbúra mu wẹ́kú, nítorí ẹni tí ó ń búra ń fi ara rẹ̀ sábẹ́ èpè. Bí a bá tú ìbúra palẹ̀, gbólóhùn oníbọ̀ tí ó ní àwẹ́-gbólóhùn "bí" ni ó wà nínú rẹ̀: "Bí mo bá purọ́, kí ohun báyìí ṣe mí." Ẹni tí ó búra kò tíì gba èpè, ó kàn fi èpè náà kọ́ ẹnu ọ̀nà, pé bí òun bá gba ọ̀nà irọ́ kọjá, kí ó já lé òun lórí.

Ohun kejì tí ó hàn nínú èdè ni ọ̀rọ̀-ìṣe "fi". A kì í búra lásán. A máa ń fi nǹkan búra ni. "Ó fi Ògún búra." "Ó fi orí ìyá rẹ̀ búra." "Ó fi ọmọ rẹ̀ búra." Ohun tí ó bá tẹ̀ lé "fi" yìí ni ẹlẹ́rìí àti onídùúró ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, ohun tí ènìyàn bá ní láti pàdánù tàbí tí ó ń bẹ̀rù jù lọ ni ó máa ń wà níbẹ̀. Bí a bá fi ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan sí ààyè yìí, gírámà gbólóhùn náà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n agbára ìbúra náà ti lọ.

Ó yẹ kí a ya ìbúra sọ́tọ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó fara pẹ́ ẹ. Èpè ni ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn sọ sí ẹlòmíràn. Ìbúra ni èyí tí ó sọ sí ara rẹ̀. Ìmùlẹ̀ jẹ́ àdéhùn láàárín ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ́ jẹ́ ìlérí nípa ohun tí ènìyàn yóò ṣe lọ́jọ́ iwájú, ó sì lè wà láìsí èpè kankan nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbúra àti ẹ̀jẹ́ ṣe pàtàkì, nítorí pé òfin òde òní gba méjèèjì láyè ní kóòtù. Ẹni tí kò bá fẹ́ búra lè jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òtítọ́ ni òun yóò sọ. Ògbufọ̀ kóòtù tí ó bá lo "búra" fún méjèèjì ti da omi pọ̀ mọ́ epo.

Ìbúra ní Àwùjọ Àtijọ́

Láyé àtijọ́, ìbúra kì í ṣe ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Olórí ẹbí, baálẹ̀ tàbí ọba ni ó ń gbọ́ ẹjọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe wúwo tó. Wọn a gbọ́ tẹnu ẹni tí ó pẹjọ́, wọn a gbọ́ tẹnu ẹni tí a pè lẹ́jọ́, wọn a pe àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, wọn a sì bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwe tí ó ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà fi hàn pé ìgbọ́ràn sí ìhà méjèèjì ni ìpìlẹ̀ ìdájọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá takókó, tí kò sí ẹlẹ́rìí, tí ẹnu kò sì kò, ni a tó máa ń ní kí ẹni tí a fura sí lọ búra.

Oríṣìíríṣìí ohun ni a fi ń búra. Ẹni tí ó bá fi Ògún búra yóò fi ahọ́n kan irin tàbí kí ó fi ẹnu kàn án, ìgbàgbọ́ sì ni pé bí ó bá ṣèké, irin ni yóò dá a lẹ́jọ́, yálà nípasẹ̀ ọ̀bẹ, àdá, ìbọn tàbí ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fi Ṣàngó búra ń fi ara rẹ̀ fún àrá. Láàárín àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ayélála ni òrìṣà tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ ìbúra. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ẹrúbìnrin kan ni, tí wọ́n fi ṣe ètùtù nígbà tí àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ́ ń ṣe àdéhùn àlàáfíà, pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ kẹ́yìn nípa bí ayé ṣe le ni ó di orúkọ rẹ̀. Láti inú àdéhùn tí a kò gbọdọ̀ dà ni òrìṣà tí ń bá ọ̀dàlẹ̀ jà ti jáde.

Àwọn nǹkan mẹ́ta ni ó fún ìbúra bẹ́ẹ̀ lágbára. Èkíní ni pé ẹ̀rù ohun tí a fi búra wà lọ́kàn ẹni tí ó búra lóòótọ́. Èkejì ni pé ojú gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti ń búra, àdúgbò náà sì ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ náà lọ. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí i, gbogbo ayé ni yóò sọ ohun tí ó fà á. Ẹ̀kẹta ni pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni a ń búra. Ènìyàn lè dàgbà kí ó sì kú láìbúra ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ó yẹ kí a tún ya ìbúra sọ́tọ̀ sí àyẹ̀wò olóró, níbi tí a ti ń fún ẹni tí a fura sí ní èèpo igi tàbí èso olóró mu, tàbí tí a ń fi epo gbígbóná tàbí iná dán an wò. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1916 ka irú àyẹ̀wò yìí léèwọ̀ nítorí pé ó lè pa ènìyàn tàbí kí ó ṣe é léṣe. Ìbúra ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2004, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kan tí ó wá láti ilẹ̀ Ìgbò, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Nàìjíríà gbà pé bí ìhà méjèèjì bá fínnú-fíndọ̀ gbà láti fi ìbúra ìbílẹ̀ parí aáwọ̀ wọn, ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde lè dè wọ́n. Ìpalára àti ìfipámúni ni òfin kọ̀. Kò kọ ìbúra.

Bí Ìbúra Ilé-Ẹjọ́ Ṣe Dé

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ètò tí ó wà ní kóòtù wa ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Kirisitẹni nìkan ni ètò náà wà fún. Edward Coke, adájọ́ àti amòfin Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 1634, gbà pé ẹni tí kì í bá ṣe Kirisitẹni kò lè jẹ́rìí. Ohun méjì ni ó mú kí ògiri yìí wó díẹ̀díẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni àwọn Kirisitẹni tí wọ́n kọ̀ láti búra. Àwọn Quaker gbà pé Jésù ní kí àwọn ọmọlẹ́yìn òun má ṣe búra rárá, bí ó ṣe wà nínú Ìhìn Rere Mátíù orí karùn-ún, pé kí bẹ́ẹ̀ ni wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fara gba ìyà púpọ̀ nítorí ìdúró wọn yìí kí òfin tó gbà wọ́n láyè ní 1695 láti máa jẹ́jẹ̀ẹ́ dípò ìbúra nínú irú àwọn ẹjọ́ kan.

Èkejì ni òwò tí ó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ilẹ̀ India. Oníṣòwò Híńdù kan tí à ń pè ní Omychund pe ẹjọ́ gbèsè mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní Barker. Àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù jẹ́rìí ní Calcutta, wọ́n sì búra ní ìlànà ẹ̀sìn wọn, wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àlùfáà Brahmin. Ìbéèrè tí ó dé iwájú Lord Hardwicke ní Lọ́ńdọ̀nù ni pé, ṣé irú ìbúra yìí ṣe é gbà? Ní 1744, ilé-ẹjọ́ dáhùn pé ó ṣe é gbà. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé kì í ṣe ìwé tàbí ìlànà ni ó ń de ẹlẹ́rìí bí kò ṣe ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú agbára tí yóò fi ìyà jẹ elékèé.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, tí wọ́n sì mú òfin ilẹ̀ wọn wọ ibẹ̀ ní 1863, èrò yìí ti wà nínú òfin wọn fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, irin Ògún tí ó wà ní kóòtù ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ojúrere tí ẹnikẹ́ni ṣe fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ìlànà tí ó gba ẹsẹ̀ àlùfáà Brahmin wọlé náà ni ó gba irin wọlé.

Ìgbésẹ̀ tí ó kù ni ti ẹni tí kò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́. Charles Bradlaugh, tí ó sọ ní gbangba pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà, wọlé ìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì láti Northampton ní 1880. Ọ̀rọ̀ ìbúra fa wàhálà, kò sì jókòó ní ìjókòó ìrọ̀rùn títí di 1886. Òfin Ìbúra ti ọdún 1888, tí òun fúnra rẹ̀ jà fún, ni ó fún gbogbo ẹni tí kò bá fẹ́ búra ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ní 2013, àwọn kan dábàá pé kí ẹgbẹ́ àwọn adájọ́ májísíréètì ní Ẹ́ńgílándì àti Wales fọwọ́ sí i kí a pa ìbúra ẹlẹ́sìn rẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà dìbò tako àbá yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀ níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí Òfin Nàìjíríà Sọ

Òfin Ẹ̀rí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1945 ni Nàìjíríà lò títí di 2011, nígbà tí òfin tuntun gba ipò rẹ̀. Abala 205 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé gbogbo ẹ̀rí àfẹnusọ gbọ́dọ̀ jẹ́ lábẹ́ ìbúra tàbí ìjẹ́jẹ̀ẹ́. Abala 208 fún kóòtù láyè láti gba ẹ̀rí láìsí ìbúra lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ka ìbúra léèwọ̀ àti ẹni tí kò ní ẹ̀sìn. Abala 206 sì mú ohun tuntun wọlé: kí ẹlẹ́rìí tó jẹ́rìí, a gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún un pé bí ó bá purọ́ tàbí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi kóòtù lọ́nà, wọ́n lè gbé e lọ sílé-ẹjọ́ kí ó sì jẹ̀bi. Kóòtù sì gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ìkìlọ̀ náà yé e.

Ìkìlọ̀ yìí yẹ fún àkíyèsí. Ní ìṣẹ́jú kan náà, a ń fi ìyà ọ̀run àti ìyà ayé han ẹlẹ́rìí. Òfin Ìwà Ọ̀daràn, ní abala 117 àti 118, ka ẹ̀rí èké sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè mú ni lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí kí a lè dá ẹlòmíràn lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére ni ó fi jẹ́rìí èké, ẹ̀wọ̀n gbére ni ó tọ́ sí òun náà. Òfin yìí kan náà sọ pé kò sí ìyàtọ̀ bóyá ẹlẹ́rìí búra tàbí ó jẹ́jẹ̀ẹ́, àti pé irú ìlànà tí a fi búra kò já mọ́ nǹkan, bí ẹni náà bá ti gbà pé ó de òun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé Bíbélì tí òun kò gbà gbọ́ kò lè mú òun ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n ààrò kejì yìí náà ní àléébù tirẹ̀. Abala 119 sọ pé a kò lè dá ènìyàn lẹ́bi ẹ̀rí èké lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí kò sí ohun mìíràn tí ó kín in lẹ́yìn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ó pàdánù ẹjọ́ má baà máa fi ẹ̀sùn irọ́ kan gbogbo ẹni tí ó jẹ́rìí takò ó. Àmọ́ ó mú kí ó ṣòro láti mú elékèé.

Ṣé Irin Ni Kí Gbogbo Ẹlẹ́rìí Fi Búra?

Pẹ̀lú àlàyé òkè yìí, a lè dá èrò àwọn tí wọ́n ní kí irin Ògún rọ́pò ìwé mímọ́ lóhùn. Òtítọ́ kan wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyà tí ẹni tí ó fi Ògún búra ń retí súnmọ́ tòsí. Bí ó bá ti ń wọkọ̀ padà sílé ni ọkàn rẹ̀ yóò ti máa dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ó gbà pé ọjọ́ ìdájọ́ ìkẹyìn ni òun yóò jíhìn lè rò pé àyè ìrònúpìwàdà ṣì wà.

Síbẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó tako èrò náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìlànà tí ó gba irin wọlé ni pé kí olúkúlùkù fi ohun tí ó gbà gbọ́ búra. Bí a bá fi agbára gbé irin fún ẹni tí kò gbà á gbọ́, ìlànà yẹn kan náà ni a ti wó. Mùsùlùmí tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀ fún un láti fi ohun mìíràn yàtọ̀ sí Allah búra kò ní í gbà, Kirisitẹni tí ó ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ìbọ̀rìṣà náà kò ní í gbà.

Lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe pé àwọn ìwé mímọ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rí èké wà lára ohun tí Òfin Mẹ́wàá kọ̀. Súrà kẹrin nínú Kùránì, ẹsẹ 135, pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ jẹ́rìí òtítọ́, ìbáà tako òun fúnra rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀. Bí ẹlẹ́sìn bá purọ́, kì í ṣe ìwé rẹ̀ ni kò lágbára.

Lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, iṣẹ́ tí ìbúra ń ṣe ní ààfin àtijọ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní kóòtù. Ní ààfin, ìbúra ni ó ń parí ẹjọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, a fi ọ̀rọ̀ lé òrìṣà lọ́wọ́. Ní kóòtù, ìbúra ni ó ń ṣí ẹnu ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agbẹjọ́rò ìhà kejì yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó, tí adájọ́ yóò sì máa wo ìrísí àti ìsọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹlẹ́rìí ni ó ń búra, ìhà méjèèjì sì ni ó ń búra, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn kò lè jẹ́ òtítọ́ pọ̀. Bí a bá gbé irin sí irú ipò yìí lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí irin náà yóò fi di ohun àfojúdi. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń lọ sí kóòtù láti búra sí áfídáfíìtì lórí ọjọ́ orí, orúkọ tàbí ìwé tí ó sọ nù, tí ọ̀pọ̀ kò sì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Òfin àtúnṣe tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2023 tilẹ̀ ti gbà kí a máa búra sí áfídáfíìtì láti orí ẹ̀rọ ayélujára. Ohun tí a ń ṣe láìronú kò lè dẹ́rù bani, ìbáà jẹ́ Ògún ni a fi ṣe é.

"Gbogbo Òtítọ́" àti Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Èyí mú wa dé orí ààrò kẹta. Nínú ọ̀rọ̀ ìbúra, ìpín kejì, "gbogbo òtítọ́", ni ó tako ìwà tí a fi tọ́ ọmọ Yorùbá jù lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Ẹwà èdè wa wà nínú irú ìbòjú bẹ́ẹ̀, àlàáfíà ilé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rí ohun ìtìjú tí àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe yóò ní "ọ̀rọ̀ náà kò dára tó", gbogbo ẹbí yóò sì lóye.

Ní kóòtù, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odindi. Adájọ́ kò gbọdọ̀ fi ohun tí ẹlẹ́rìí kò sọ kún ohun tí ó sọ. Ẹni tí ó bá ní "wọ́n ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láàárín ara wọn" nígbà tí ó jẹ́ pé ó rí i tí ẹnìkan fi igi lu ẹnìkejì kò purọ́ lójú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ba ẹjọ́ jẹ́. Ìbẹ̀rù ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ wá tún ń bẹ níbẹ̀, nítorí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tí à ń pè ní irọ́ jẹ́ ìwà ìtẹríba tàbí ìfẹ́ ẹbí tí ó ṣìnà dé ibi tí kò yẹ kí ó dé.

Irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ wà lórí "wọ́n ní". Abala 126 nínú Òfin Ẹ̀rí sọ pé ohun tí a fojú rí gbọ́dọ̀ jáde láti ẹnu ẹni tí ó rí i, ohun tí a fetí gbọ́ láti ẹnu ẹni tí ó gbọ́ ọ. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "wọ́n ní ó jí i" àti "ó jí i" lè jẹ́ ohun kan náà lẹ́nu ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Ní kóòtù, ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rí, èkejì jẹ́ àgbọ́sọ. Kò sí ìwé mímọ́ tàbí irin tí ó lè kọ́ ẹlẹ́rìí ní ìyàtọ̀ yìí lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ni ó lè ṣe é.

Ẹlẹ́rìí tí Kò Tíì Pé Ọdún 14

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan olùkọ́ jù lọ ni ti ọmọdé. Lábẹ́ òfin tí ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2011, kóòtù máa ń yẹ ọmọdé wò bóyá ó mọ ohun tí ìbúra jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn adájọ́ fi máa ń bi ọmọ léèrè ibi tí òpùrọ́ ń lọ bí ó bá kú. Abala 209 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 yí èyí padà. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 14 kò ní í búra rárá. Kóòtù yóò gba ẹ̀rí rẹ̀ láìsí ìbúra bí ó bá ní òye tó, tí ó sì mọ̀ pé ojúṣe òun ni láti sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè tìtorí ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nìkan dá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lẹ́bi. Ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ wà tí ó kín in lẹ́yìn.

Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé, ní ti ọmọdé, òfin ti gbé ààrò ìgbàgbọ́ kúrò lábẹ́ ìkòkò. Ìyà tí òfin ìjọba sì fi ń dẹ́rù ba àgbà, ohun tí ọmọ kékeré kò lè fi ọkàn gbé ni. Ààrò kan ṣoṣo ni ó kù tí ó lè gbé ìkòkò náà dúró: kí ọmọ mọ ohun tí òtítọ́ jẹ́, kí ó sì lè sọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n hùwà ìbàjẹ́ sí, tí kò mọ orúkọ ẹ̀yà ara tí àgbàlagbà fọwọ́ kàn, tàbí tí ilé àti ilé-ìwé ti kọ́ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ọmọ gidi, yóò dúró níwájú adájọ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹni tí ó ṣe é níbi yóò sì rìn lọ sílé. Kì í ṣe pé ọmọ náà purọ́; èdè tí yóò fi sọ òtítọ́ ni a kò fún un.

Kò sí ìdí fún olùkọ́ láti kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ ní kóòtù. Ìyẹn gan-an lè ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti wà ṣáájú ìgbà náà. Nínú ẹ̀kọ́ àròkọ asọ̀tàn àti aṣàpèjúwe, ó lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ohun tí ó fojú rí sọ́tọ̀ sí ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí ó rò. Nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara, ó lè kọ́ wọn ní orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara láìfi ìtìjú bo ìkankan. Nínú ẹ̀kọ́ òwe, ó lè ṣàlàyé ibi tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti yẹ ọmọlúàbí àti ibi tí odindi ọ̀rọ̀ ti di ọ̀ranyàn. Àti nínú ẹ̀kọ́ àṣà, ó lè jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a kò ka ẹni tí ó sọ òtítọ́ nípa ìyà tí a fi jẹ ẹ́ sí ọmọ aláìgbọ́ràn.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìbúra nínú èdè Yorùbá jẹ́ èpè tí ènìyàn fi kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, pé agbára rẹ̀ wà nínú ohun tí ó bá tẹ̀ lé "fi", àti pé òfin Gẹ̀ẹ́sì náà ti gba èrò yìí láti 1744. Ó fi hàn pẹ̀lú pé òfin Nàìjíríà kò fi ìgbàgbọ́ nìkan sílẹ̀ láti gbé ìbúra ró; ó fi ìkìlọ̀ àti ẹ̀wọ̀n tì í lẹ́yìn, ó sì fi ọmọdé sílẹ̀ láìbúra. Àwọn tí wọ́n ń fẹ́ kí irin rọ́pò ìwé ń tún ààrò kan ṣe, nígbà tí ìkòkò ń yẹ̀ láti ìhà mìíràn. A ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọjà náà ṣe ni kíláàsì tí ọmọ ti kọ́kọ́ ń kọ́ láti sọ pé, "Èyí ni mo rí, èyí ni mo gbọ́, èyí ni n kò mọ̀."